Ẹ̀rọ Tó Sọ Ìyàwó Onííyàwó Di Aláwọ̀ Ewé

Má-Ṣẹ́jú ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin ayàwòrán náà. Àwọn ọmọdé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn, nítorí pé kò sí ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ rí tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Inú rẹ̀ kì í pẹ́ bí, kì í sì í pẹ́ rọ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó pẹ́ kí inú náà tó rọ̀, bóyá kò tilẹ̀ tíì rọ̀ títí di òní.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yàrá iwájú nínú ilé tí òun, ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ ń gbé. Ó fi aṣọ dúdú pín in sí méjì: ẹ̀gbẹ́ kan ni bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ kejì ni iná, kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà, àti àpótí ìjókòó kan tó máa ń dún bí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá ti mí. Kò sí ẹni tó lè bá a wí nípa yíya fọ́tò. Títẹ̀ ẹ́ jáde ni ìṣòro. Kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò tirẹ̀, ilé ìtẹ̀fọ́tò ńlá kan láàárín ìlú ló ń gbé iṣẹ́ lọ, àwọn yẹn sì ní ìwà kan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: gbogbo ẹni tó bá dú ni wọ́n ń bó lójú. Ọkùnrin tó dú dáadáa á wọlé sí wọn lọ́wọ́, ẹni tó funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àìsàn dìde ni yóò jáde. Tó bá bá wọn jà, wọ́n á ní bí àwọn oníbàárà ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn.

“Oníbàárà ta ni?” ni Má-Ṣẹ́jú máa ń bi wọ́n. “Tèmi kọ́ o. Tèmi ní dígí nílé.”

Ìdí nìyẹn tó fi pinnu pé òun á ra ẹ̀rọ ti òun. Tuntun kò ṣeé sún mọ́, ló bá forí lé òpópónà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ àlòkù.

Ọkùnrin tí wọ́n júwe fún un níbẹ̀, Bí-Tuntun ni ìnagijẹ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í ṣe bí tuntun. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀ tí wọ́n fi bíríkì tì, bí tuntun ni. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé bó bá ń bú ọ, ìwọ ni wàá máa dúpẹ́. Ó mú Má-Ṣẹ́jú lọ síwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò kan tó gùn bí àga ìjókòó ẹni mẹ́ta, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe àfihàn fọ́tò ńlá ń lò. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi àwọn ike íńkì tó tò síbẹ̀ hàn án, pupa, búlúù, yẹ́lò, dúdú, àtàwọn ọmọ ìyá wọn tó fẹ́ẹ́rẹ́.

“Àǹtí mi, ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ni í kò lò ó. Ó kàn rà á kó lè máa wò ó ni.”

Ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà kùn, orí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, fọ́tò kan sì rọra yọ jáde lẹ́nu rẹ̀: ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ pupa, tó di bàlúùnù mú, ó dúdú minijọ, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Inú Má-Ṣẹ́jú dùn. Àwọ̀ tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Kò bèèrè nǹkan mìíràn mọ́.

“Ẹ máa mú fọ́tò yẹn lọ,” ni Bí-Tuntun wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀bùn ni.”

Ẹni tó kọ́kọ́ mú iṣẹ́ wá fún ẹ̀rọ náà ni bàbá kan tó ń gbé ní òpópónà ẹ̀yìn. Awakọ̀ ojú irin ni kó tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Rélùwéè ni wọ́n ń pè é. Fọ́tò kékeré kan ló mú wá, ó wé e sínú aṣọ ìnujú. Ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló wà níbẹ̀. Àgbàrá òjò ló wọlé wọn nígbà kan tó kó àwọn yòókù lọ, ẹyọ kan yìí ló ṣẹ́kù.

“Àwọn ọmọ mi ń bọ̀ wá kí mi,” ni bàbá wí. “Wọ́n ń mú àwọn ọmọ tiwọn bọ̀, àwọn tí kò bá ìyá wọn àgbà láyé. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ di ńlá, kí n gbé e kọ́ sára ògiri, kí wọ́n wọlé kí wọ́n bá a níbẹ̀.”

“Bàbá, ẹ má ṣèyọnu,” ni Má-Ṣẹ́jú wí. “Ẹ padà wá lọ́la. Tí ẹ bá rí i, ẹ ó kí i.”

Ó da fọ́tò náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, ó tún ibi tí omi ti jẹ ṣe, ó wá ní kí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kùn, orí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ohun tó yọ jáde, ká má rí i! Ìlà funfun là á láti etí dé etí bí ẹni fi òòyà yà á, ojú ìyá náà sì di aláwọ̀ ewé láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Má-Ṣẹ́jú ní kí ẹ̀rọ fọ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ti ní kó ṣe. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un tẹ̀, ewé náà ni. Ó tún un fọ̀. Ẹ̀rọ ń mu íńkì bí agbọ̀n tí wọ́n ń bu omi sí, ojú ìyá kò yí padà.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń wá ibi tí yóò kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí ni Bàbá Rélùwéè wọlé. Àwọn oníbàárà mìíràn ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá mú ọ̀kan nínú bébà náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

“Ta nìyí?” ló bèèrè.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yìí ló…”

“Mo ní ta nìyí? Ṣé ìyàwó mi lẹ sọ di alángbá yìí?”

Ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì kò lè mú un mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wo ẹni náà títí ẹ̀rín fi kú sí i lẹ́nu. Ó wá wé fọ́tò kékeré rẹ̀ padà sínú aṣọ ìnujú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wé ọmọ tuntun.

“Ẹni tó kú kò lè gbèjà ara rẹ̀,” ló wí. “Èmi ló yẹ kí n ti mọ ẹni tí mo máa gbé e lé lọ́wọ́.”

Má-Ṣẹ́jú sáré tẹ̀ lé e dé ojú títì, ó ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá kò wẹ̀yìn.

Má-Ṣẹ́jú kò padà wọlé bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bí-Tuntun. Ọkùnrin náà jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi igi tín-ín-rín ta eyín.

“Àǹtí mi! Ẹ̀rọ ńkọ́?”

“Ó ń sọ ènìyàn di ewé.”

“Háà. Ó ṣubú lọ́wọ́ yín nìyẹn.”

“Báwo ló ṣe máa ṣubú lọ́wọ́ mi? Ẹ̀yin gan-an lẹ gbé e wá sílé mi, ẹ̀yin lẹ gbé e kalẹ̀.”

“Iná ilé yín ńkọ́? Iná burúkú ló máa ń ba irú rẹ̀ jẹ́.”

“Iná yẹn náà ló ń tan tẹlifíṣọ̀n wa. Mi ò tíì rí ẹni tó fi àwọ̀ ewé ka ìròyìn.”

Bí-Tuntun tu igi eyín rẹ̀ dànù. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Madam, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ìkòkò ìdáná. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ẹ lọ mú ọkọ yín wá, kí ọkùnrin àti ọkùnrin jókòó sọ ọ́, kó yé ara wa.”

Má-Ṣẹ́jú yí padà, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé, kò wọ ọkọ̀, nítorí pé ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ti òun nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà á jẹ nínú ìbínú òun.

Ọkọ rẹ̀ wà nílé, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn, àwọn ará àdúgbò tó máa ń gbé ọgbẹ́ wá fún un nílé ló sọ ọ́ ní Dókítà Kékeré. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Bí ilé bá ń jó, òun ni yóò kọ́kọ́ béèrè pé ibo ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣí i wò.”

“Kí la mọ̀ nípa rẹ̀?”

“A ò mọ̀ ọ́n. Ká ṣí i ká lè mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé àga tirẹ̀ wá síbẹ̀ pẹ̀lú. Aṣọ ni ìyá àgbà yìí tà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó tó wá sinmi lọ́dọ̀ ọmọ, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí kì í bá wọn dá sí.

Dókítà Kékeré tú ìdè ẹ̀rọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú àwo. Bí ìdérí ṣe kúrò ni òórùn kan jáde, bí ti omi òdòdó tó ti rà sínú ìgò. Kànìnkànìn tó ń gba ìdọ̀tí íńkì nísàlẹ̀ ti rin gbingbin, omi dúdú ṣàn jáde lára rẹ̀ sórí tábìlì. Rọ́bà kékeré tí orí ẹ̀rọ ń sinmi lé ti di líle, íńkì ti gbẹ mọ́ ọn bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ mọ́ ẹnu agolo.

“Èyí tí ẹni tó ni í kò lò,” ni Má-Ṣẹ́jú wí. “Tó kàn ń wò ó! Olúwa ò!”

“Jẹ́ẹ́,” ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́. Ó fi rọ́bà tín-ín-rín so síríńjì mọ́ ihò íńkì kọ̀ọ̀kan, ó ń fi omi mímọ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ti nǹkan náà, díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é ló ń bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu: “Ó ti dé. Rọra. Ó máa tó lọ.”

“Dókítà, ẹ̀rọ ni o. Kì í ṣe aláìsàn.”

“Ohun tó bá ní iṣan, tí iṣan rẹ̀ sì dí, aláìsàn ni.”

Búlúù là, omi búlúù ṣàn sínú aṣọ. Yẹ́lò là. Dúdú jà díẹ̀, ó là. Nígbà tó kan pupa, síríńjì kọ̀. Ó fi í sílẹ̀ kí omi rin ín, wọ́n lọ jẹun, wọ́n padà wá bá a, ó ṣì kọ̀. Dókítà Kékeré fi abẹ gé ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé pupa lọ sí orí ẹ̀rọ. Kò sí omi nínú rẹ̀. Nǹkan gbígbẹ kan ló wà níbẹ̀, ó ń já wúrúwúrú bí èédú. Ẹnì kan ti da irú íńkì kan lé irú mìíràn tí wọn kò bá ara wọn ṣe, wọ́n ti bá ara wọn jà nínú rọ́bà, wọ́n ti dì pọ̀, wọ́n sì ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n yọ ike pupa náà wò, omi tí wọ́n fi àwọ̀ díẹ̀ sí lásán ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Búlúù àti yẹ́lò ló ń dá bá ara wọn ṣe lójú ìyá yẹn, ìdí tó fi di ewé nìyẹn.

“Eléyìí kì í ṣe ti oṣù kan tàbí méjì,” ni Dókítà Kékeré wí. “Pupa kò gba ibí kọjá láti ọjọ́ pípẹ́.”

Má-Ṣẹ́jú dìde. Ó wo rọ́bà náà, ó wo ọkọ rẹ̀. “Kò gba ibẹ̀ kọjá?”

“Kò lè gba ibẹ̀ kọjá.”

“Aṣọ kí ni ọmọ yẹn wá wọ̀?”

Ó sáré wọ yàrá, ó mú fọ́tò ẹ̀bùn náà jáde. Aṣọ ọmọ náà pupa fòò. Gbogbo wọn ń wò ó. Ìyá àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn.

“Ìyàwó mi,” ló wí, “ibòmíràn ni wọ́n ti tẹ èyí. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán kí o tó dé. Ọkùnrin yẹn kàn tì í bọ ẹ̀rọ lẹ́nu ni, ẹ̀rọ sì pọ̀ ọ́ fún ọ.”

Má-Ṣẹ́jú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ nìkan ló dùn ún. Ohun tó dùn ún jù ni pé ó ti dúró síwájú fọ́tò yẹn tí inú rẹ̀ ń dùn. Ọkùnrin náà wo bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní ẹ̀rí irọ́ náà lẹ́bùn lọ sílé. Lẹ́yìn náà ló wá ní kó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá.

“Ó fẹ́ rí ọkọ mi,” ló wí. “Ó dáa.”

“Èmi máa wà níbi iṣẹ́ lọ́la,” ni Dókítà Kékeré wí.

“Mo mọ̀. Màmá, ṣé ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́la?”

Ìyá àgbà ti ń wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé ọ̀dọ̀ Bí-Tuntun lọ́jọ́ kejì, ó ní oníbàárà. Aránṣọ kan ni, obìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ó fẹ́ fi fọ́tò kún iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ kan tó jọ ti Má-Ṣẹ́jú bí ìbejì. Ìka Bí-Tuntun ti wà lórí bọ́tìnì. Ẹ̀rọ kùn. Ọmọdébìnrin aláṣọ pupa rọra yọ jáde, òun àti bàlúùnù rẹ̀.

“Ó mà dára o!” ni aránṣọ náà wí.

Má-Ṣẹ́jú na ọwọ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ́ fọ́tò tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan náà, aṣọ kan náà, ẹ̀rín kan náà. Bí-Tuntun gbójú sókè, ojú rẹ̀ yí padà.

Ìyá àgbà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti ṣí ibi tí bébà máa ń wà, ó sì fa àwọn tó wà nínú rẹ̀ jáde, wọ́n dojú bolẹ̀. Ó yí wọn padà níkọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí ẹ̀rọ.

“Háà! Ọmọ yìí mà pọ̀ o. Ṣé ẹja ni ìyá rẹ̀ ni?”

Àwọn ọlọ́jà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Aránṣọ náà yọ fóònù rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tẹ èyí tó wà nínú fóònù mi.”

“Nẹ́tíwọ̀kì kò dáa lónìí.”

“Wáyà ló wà lára rẹ̀ yìí,” ni Má-Ṣẹ́jú wí. “Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ tẹ̀ ẹ́.”

“Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wọ inú lọ, ká sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí.”

“Ìta níbí lẹ ti ní kí n lọ mú ọkọ mi wá, ìta níbí náà la ó ti sọ ọ́. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá tó bí i ni mo mú wá. Ẹ wí tẹnu yín fún wọn.”

Ìyá àgbà ti rí àga kan, ó ti jókòó. “Mò ń gbọ́,” ló wí.

Bí-Tuntun wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ṣé èmi nìkan ni? Gbogbo wa là ń ṣe é. Bí ọjà ṣe rí nìyẹn.”

“Gbogbo wa ta ni?” ni ọkùnrin tó ń ta rédíò ní ṣọ́ọ̀bù kejì pariwo. “Yọ mí kúrò níbẹ̀ o! Rédíò tèmi, bó bá ya odi, màá sọ fún ọ pé ó yadi.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Má-Ṣẹ́jú kò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ tó máa ń yára wá falẹ̀, ó ń sọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ.

“Bàbá arúgbó kan mú ìyàwó rẹ̀ wá fún mi. Fọ́tò kan ṣoṣo tó kù láyé. Mo sọ ọ́ di alángbá níṣojú rẹ̀, níwájú ènìyàn, wọ́n sì fi í ṣẹ̀rín. Bàbá ò mọ̀ yín. Èmi ló mọ̀. Títí ọjọ́ tó máa kú, èmi ló máa rántí. Ẹ̀yin wà níbí, ẹ ń fi igi ta eyín.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá àgbà ní, “Ọjọ́ gbogbo ni ti olè. Òní ni ti olóhun.”

“Ó dáa, ẹ gbé e padà wá,” ni Bí-Tuntun wí nígbẹ̀yìn. “Màá gbà á.”

“Kí ẹ lè tà á fún ẹlòmíràn? Kí ẹ tún lè kì ọmọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu? Ó ti wọlé mi, kò ní jáde lọ tan ẹnikẹ́ni jẹ mọ́.” Ó nàka sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òkú ẹ̀rọ kan wà, irú kan náà, tí ara rẹ̀ ti fọ́ nígbà tí wọ́n ń kó o bọ̀. “Orí èyí ni mo fẹ́, pẹ̀lú àwọn ọ̀pá rọ́bà rẹ̀.”

“Ìyẹn? Ìyẹn ṣì dáa gan-an, màá bá yín ṣe é ní iye tó…”

Ariwo tí àwọn ènìyàn pa, Bí-Tuntun kò lè parí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin onírédíò ló gbé sukurudíráfà wá fún un fúnra rẹ̀. Bí-Tuntun tú u, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Má-Ṣẹ́jú tan iná fóònù sí abẹ́ orí ẹ̀rọ náà bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó rí i pé ó mọ́, kò dí. Ó wé e sínú aṣọ, ó sì mú un lọ. Aránṣọ náà tẹ̀ lé wọn jáde, kò ra nǹkan kan.

Dókítà Kékeré gba orí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni gba oyin tó wà nínú afárá. Ó fọ ibi tó máa jókòó sí, ó fi kànìnkànìn mímọ́ rọ́pò èyí tó ti rin, wọ́n sì ra íńkì gidi, íńkì fọ́tò, láti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ wọ inú rọ́bà, pupa ń wá, ó ń já. Má-Ṣẹ́jú ń bú u, ọkọ rẹ̀ ń tù ú. Nígbà tí wọ́n tẹ bébà ìdánwò, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ jáde, gbogbo àwọ̀ pé, kò sí èyí tó já níbì kan. Ìyá àgbà gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó wo pupa náà títí. “Pupa nìyí,” ló wí, ó sì bọ́ awò.

Má-Ṣẹ́jú tẹ ìyàwó Bàbá Rélùwéè, ó sì gbé e lọ sílé bàbá fúnra rẹ̀. Bàbá kò kọ́kọ́ fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó ṣí i, kò ní kó wọlé, ó gba bébà náà, ó gbé e jáde síta sínú ìmọ́lẹ̀.

“Òun ni,” ló wí. “Ṣùgbọ́n kò pọ́n tó báyìí.”

“Bàbá, bó ṣe wà nínú fọ́tò kékeré yẹn nìyí.”

“Omi ti mu fọ́tò kékeré yẹn. Ó ti ṣí. Obìnrin tí mo fẹ́ dú.”

Má-Ṣẹ́jú fẹ́ ṣàlàyé, ó wá rántí ara rẹ̀. Òun tó ń bá ilé ìtẹ̀fọ́tò jà lójoojúmọ́! “Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá,” ló wí. “Ẹ wá fi bó ṣe rí hàn mí.”

Wọ́n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, bàbá, Má-Ṣẹ́jú àti ìyá ọkọ rẹ̀. Bàbá mọ ohun tó ń wá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ìyá àgbà ló ń bi í bí ẹni bi oníbàárà aṣọ.

“Ṣé dúdú tó ń dán ni, àbí dúdú tó gbẹ?”

“Ó ń dán.”

“Ṣé ó ní pupa nísàlẹ̀, àbí búlúù?”

Bàbá ronú. “Tí òórùn bá ti ń wọ̀, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, pupa a máa yọ níbí,” ó fi ọwọ́ kan egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, “àti níbí.”

“Mo ti mọ̀ ọ́n,” ni ìyá àgbà wí. “Ìyàwó mi, fi dúdú sí i, má yọ pupa kúrò.”

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bàbá mi orí. Wọ́n tún un tẹ̀. Ó ní ọrùn ti fẹ́ dáa, ojú ló kù. Kò sí ẹni tó kánjú. Èyí tó jáde gbẹ̀yìn, bàbá kò gbé e sún mọ́ ojú, kò gbé e jìnnà. Ó gbé e lé itan rẹ̀.

“O ti dé,” ló wí fún un.

Ìyá àgbà dìde, ó fa Má-Ṣẹ́jú lápá, wọ́n bọ́ sẹ́yìn aṣọ dúdú, wọ́n fi bàbá sílẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀.

Wọ́n ti gbé ìyá náà kọ́ sára ògiri tán, àwọn ọmọ sì ti wá wọ́n ti lọ, kí Bí-Tuntun tó pe Má-Ṣẹ́jú lórí fóònù. Oníbàárà kan wà níwájú kámẹ́rà, akọ̀wé ilé iṣẹ́ kan tó wá ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé.

“Àǹtí mi àtàtà! Wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ bí idán. Wọ́n ní ọkọ yín ló fi síríńjì fọ̀ ọ́.”

“Kí lẹ fẹ́?”

“Mo ní bíi mélòó kan níbí tí nǹkan kan náà ń ṣe. Mo ní kí n bi yín, bóyá Dókítà lè máa wá bá mi fọ̀ wọ́n. Ká jọ máa ṣe é. Ẹ̀yin á máa fọ̀, èmi á máa tà. Ọ̀rọ̀ àná ti kọjá, àbí?”

Má-Ṣẹ́jú mú fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó dá a padà sétí.

“Kò kọjá,” ló wí. “Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ wá gbogbo ẹni tí ẹ ti ta ọmọ aláṣọ pupa fún, ẹ lọ bá wọn nílé níkọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún wọn, ẹ tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn ná, kí èmi àti ẹ̀yin tó sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Tí ẹ kò bá ṣe é, ẹ má ṣe pe nọ́ńbà yìí mọ́, nítorí pé ohun tí mo máa sọ fún yín nígbà náà, wọn kì í sọ ọ́ níwájú oníbàárà.”

Ó pa fóònù. Ó gbé kámẹ́rà sójú, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ló wí fún akọ̀wé náà. “Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù ni.”

“Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan, tó ní ẹ̀rín lẹ́nu?” ni akọ̀wé bèèrè. “Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ yà sí tí mo bá kúrò níbí. Ọ̀gá wa ní kí n lọ wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó wà níbẹ̀.”

Má-Ṣẹ́jú gbé kámẹ́rà sórí tábìlì. Ó fa àga, ó jókòó tì í.

“Ṣé ẹ ní àyè díẹ̀?” ló bèèrè.